Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìjì Ńlá Orí Òkun Àtìláńtíìkì àti Ìkìlọ̀ Tí Ó Ń Ṣíwájú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí ìjì bá ti lágbára tó ni òkú rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó, nítorí pé ẹni tí ó bá ti fojú rí ẹ̀fúùfù tí ń fa igi ńlá tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, tí ń ṣí páànù kúrò lórí ilé, tí ó sì ń ti omi òkun wọ àárín ìgboro, kò lè ṣàì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ ènìyàn kò já mọ́ nǹkan kan níwájú irú agbára bẹ́ẹ̀. Èrò yìí kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ délẹ̀délẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ yẹ ìtàn àwọn ìjì tí ó ti jà lórí òkun Àtìláńtíìkì wò láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé àwọn ìjì tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba a máa pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn níbì kan, wọn a sì kọjá níbòmíràn láìpa ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ wádìí. Àbá tí mo sì fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ibi tí okùn bá ti já láàárín ẹni tí ó mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ àti ẹni tí ó yẹ kí ó ṣí kúrò lọ́nà rẹ̀, ibẹ̀ ni ikú ti ń wọlé. Àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú òwe náà: ogun ní láti kọ́kọ́ di àgbọ́tẹ́lẹ̀, arọ sì ní láti rí ọ̀nà tí yóò gbà kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan ni èyí, nítorí pé orí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni a ti ń bí èyí tí ó burú jù nínú àwọn ìjì náà. Ní àkókò òjò, aṣálẹ̀ Sàhárà a gbóná janjan, ilẹ̀ etí òkun Guinea a sì tutù jù ú lọ nítorí òjò àti omi òkun. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ooru ti àríwá àti ìtutù ti gúúsù yìí ni ó ń mú kí atẹ́gùn kan máa sáré láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ní nǹkan bí kìlómítà 3 sí 4 sókè. Atẹ́gùn náà kì í sáré gbọọrọ, a máa rú ní ìgbì ìgbì, èkíní a kọjá, èkejì a tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Nǹkan bí 60 irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ́ sórí òkun láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn, tí ó sì tètè kó ohun tí ó sá sórí àpáta wọlé, mọ ìṣe atẹ́gùn yìí dáadáa bí kò tilẹ̀ ka ìwé kan nípa rẹ̀, nítorí ìhà ibẹ̀ ni ìjì òjò wa ti ń wá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìgbì náà a máa kú sórí omi láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi hàn pé nínú àwọn ìjì Àtìláńtíìkì tí agbára wọn ga jù lọ, ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tí ó jẹ́ pé ìgbì wọ̀nyí ni ó bí wọn.

Kí ìgbì tó di ìjì ńlá, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ní láti pé. Omi òkun gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 26.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣe lójú omi nìkan bí kò ṣe títí dé nǹkan bí mítà 50 nísàlẹ̀. Atẹ́gùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fa ara wọn ya. Ibẹ̀ sì ní láti jìnnà tó nǹkan bí ìwọ̀n 5 sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí yíyí tí ayé ń yí ni ó ń fún ìjì ní òyì tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo èyí bá pé, afẹ́fẹ́ tí omi kún inú rẹ̀ a gòkè, omi náà a di òjò, ooru tí ó tú sílẹ̀ a tún fa afẹ́fẹ́ mìíràn gòkè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa yí bí òkòtó tí ọmọdé ta, tí àárín rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí etí rẹ̀ ń hó yèè. Bí eruku gbígbẹ láti Sàhárà bá bá ìgbì náà rìn, ó lè pa á kí ó tó dàgbà. Èkó àti Kútọnu kì í sì í rí irú ìjì bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn ni ó ń tọ̀ lọ nígbà tí ó bá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Nígbà tí ẹ̀fúùfù rẹ̀ bá ń sáré tó kìlómítà 63 ní wákàtí kan ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá tó 119, ó di èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní hurricane. Bí ó bá sì tó 252, ó ti dé ipò karùn-ún, èyí tí kò sí ipò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nínú àwọn tí ìjì wọ̀nyí pa tààrà ní Amẹ́ríkà láàárín 1963 sí 2012, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni omi pa, nǹkan bí ìdajì gbogbo wọn ni ó sì jẹ́ pé omi òkun tí ìjì tì wọ ilẹ̀ ni ó gbé wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ àríyànjiyàn mi. Kò sí ẹni tí ó lè dá ẹ̀fúùfù dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ kì í fi ara pamọ́, ẹni tí ó bá sì ti kúrò lórí rẹ̀ kí omi tó dé kò ní bá omi lọ.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè kúrò, ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì di iṣẹ́ ní ojú òkun náà ni Benito Viñes, àlùfáà ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Spéènì, tí ó dé Havana ní Kúbà ní ọdún 1870 láti ṣe alákòóso ilé ìwòye ojú ọjọ́ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Belén. Ọkùnrin yìí a máa wo ìkúùkù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ga jù lọ, ó sì ṣàkíyèsí pé ibi tí ó bá ti ń fọ́n ká wá ni àárín ìjì wà. A máa gba ìròyìn lẹ́nu àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, a sì máa gba wáyà láti àwọn erékùṣù mìíràn, títí ó fi lè kéde ìjì kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1875 kí ó tó dé. Nígbà tí ó kú ní 1893, ó ti fi àwọn ọmọ ẹ̀yìn sílẹ̀ tí wọ́n mọ ìrìn ìjì.

Ọdún 1900 ni a rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá kẹ́gàn irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìjì kan la Kúbà kọjá. Àwọn onímọ̀ Havana wí pé ọ̀nà Texas ni ó ń lọ. Àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ ní Washington, tí ìjọba wọn ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, wí pé yóò yí padà sí àríwá lọ sí Florida. Wọ́n tilẹ̀ ti dí ọ̀nà wáyà mọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ àwọn ará Kúbà, nítorí wọ́n kà wọ́n sí adáyàfoni. Ìlú Galveston ní Texas jókòó sórí erékùṣù oníyanrìn tí ibi tí ó ga jù níbẹ̀ kò tó mítà 3, Isaac Cline tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ níbẹ̀ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 1891 pé àsọdùn ni ẹ̀rù ìjì tí àwọn kan ń bà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, omi òkun ga ju mítà 4 lọ, ó bo ìlú náà, ó pa nǹkan bí 8,000 ènìyàn, aya Cline fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọgbọ́n ẹlòmíràn, àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń fi ṣòfò.

Kúbà náà jìyà kí ó tó kọ́gbọ́n tán. Ní 1932, omi òkun run ìlú Santa Cruz del Sur, ó sì pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn. Ní 1963, ìjì Flora dúró sórí ìlà oòrùn erékùṣù náà fún ọjọ́ mélòó kan, òjò rẹ̀ sì pa ju 1,000 lọ. Lẹ́yìn Flora ni ìjọba to ètò ààbò ládùúgbò ládùúgbò, tí a fi mọ arúgbó tí kò lè rìn, aláboyún tí a ní láti gbé, àti ilé tí olúkúlùkù yóò sá sí. Nígbà tí ìjì Michelle dé ní 2001 pẹ̀lú agbára ipò kẹrin, nǹkan bí 700,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò, márùn-ún péré ni ó sì kú. Ní 2004, Ivan gba ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ kọjá ní ipò karùn-ún láìpa ẹnì kan níbẹ̀. Erékùṣù yìí kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, gbé Ọya dé, Ìyá Mẹ́sàn-án, aya Ṣàngó, obìnrin tí ń ṣíwájú ọkọ rẹ̀ jáde ogun. Àwọn tí ń bọ ẹ̀fúùfù tí ń ṣíwájú àrá ti mọ̀ láti ilé pé a kì í fojú di àmì tí ó kọ́kọ́ dé.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí ìkìlọ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ìjì Katrina fi pa ju 1,000 ènìyàn lọ ní 2005, nígbà tí sátẹ́láìtì ti wà, tí wọ́n sì ti kéde rẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ kí ó tó dé New Orleans? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ìkìlọ̀ dé etí wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò ní mọ́tò, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá gbé. Nígbà tí odi tí ń dá omi dúró sì wó, àwọn wọ̀nyí ni omi bá nílé. Bákan náà ni ti ìjì Mitch ní 1998, tí ó pa ju 10,000 lọ, pàápàá ní Honduras àti Nicaragua: òjò rẹ̀ wó ẹrẹ̀ òkè lu àwọn tálákà tí ó kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè nítorí tí wọn kò rí ilẹ̀ mìíràn. Ìkìlọ̀ tí kò bá ní ọkọ̀, tí kò ní ilé ààbò, tí kò sì ní ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn arúgbó, ìròyìn lásán ni.

Lójú omi, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Atukọ̀ tí ó bá wà ní ìhà àríwá ayé mọ̀ pé bí òun bá kẹ́yìn sí ẹ̀fúùfù, apá òsì òun ni àárín ìjì wà. Ó sì mọ̀ pé apá ọ̀tún ìjì, bí a bá kọjú sí ibi tí ó ń lọ, ni ó léwu jù, nítorí ẹ̀fúùfù àti ìrìn ìjì fúnra rẹ̀ pa pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ọkọ̀ El Faro, tí ó ń ti Jacksonville lọ sí San Juan, wọ inú ìjì Joaquin nítòsí Bahamas, ó sì rì pẹ̀lú gbogbo ènìyàn 33 tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ìròyìn ojú ọjọ́ tí ó ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí ni ọ̀gá ọkọ̀ gbójú lé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dábàá lóru pé kí wọ́n yí ọ̀nà padà. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Nínú gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí, ìdájọ́ kan ni mo rí: agbára ìjì ni ó ń sọ iye ilé tí yóò wó, ṣùgbọ́n ètò àwọn ènìyàn ni ó ń sọ iye òkú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni ìgbì ìjì ti ń gbéra, kò yẹ kí ìhà tiwa jẹ́ ibi tí ohun èlò ìwòye ojú ọ̀run ti ṣọ̀wọ́n jù; àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ìjì ńlá kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbì tí ìjì ọ̀nà jíjìn ní gúúsù Àtìláńtíìkì rán wá ń lu etíkun wa, omi òkun ya wọ Kuramo ní Èkó ní 2012, ó gbé ènìyàn lọ, ó sì ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò àwọn Ìlàjẹ títí di òní. Mo bẹ àwọn ìjọba wa láti Èkó dé Dákà kí wọ́n fi owó sí ilé ìwòye ojú ọjọ́, kí wọ́n sì rí i pé ìkìlọ̀ rédíò ń dé etí apẹja ní èdè rẹ̀ kí ó tó ti ọkọ̀ sómi. Mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí òkun pé, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ kúrò, kí ẹ kúrò, kí ẹ sì mú aládùúgbò tí kò lè rìn dání.