Ohun Tó Bá Fíìdì Wọ Sítọ́ọ̀

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ ará ilé àti ọ̀tá ilé la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ sítọ́ọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ á rí i pé ọ̀rọ̀ oko pọ́ńbélé ni. Onísítọ́ọ̀ ti ra àgádágodo ńlá, ó ti dẹ pańpẹ́ fún eku, ó sì ń sin ológbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olè ń jí, eku ń jẹ. Àmọ́ èyí tó ń ba fíìdì jẹ jù, òun àti fíìdì ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ wo àgbàdo, tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ adìyẹ lọ́dọ̀ wa. Láti orí ìdúró lóko ni kòkòrò ti ń dá ihò tín-ín-rín sí hóró rẹ̀ lára, á yé ẹyin sí i, á sì fi ohun bí àtè dí ojú ihò náà pa. Ẹ ó ra àgbàdo tó mọ́ lóló. Tó bá pé oṣù kan lé díẹ̀, ìyẹ̀fun á máa jábọ́ nísàlẹ̀ àpò. Bí kòkòrò náà bá ti ń pọ̀ sí i, èémí wọn á mú ooru àti omi wá, èbu á sì ríbi jókòó. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju etí rẹ̀ lọ, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Èbu ló burú jù. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tọ ipasẹ̀ ikú náà títí dé ìdí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tó ti Brazil wá, tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Èbu ara ẹ̀pà ló tu májèlé tí a wá mọ̀ sí aflatoxin sí i, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Àgbàdo àti kùlíkùlì tí àwa náà ń lọ̀ fún adìyẹ, ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ràn. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti àwọn tó ń sá àgbàdo tó ti bu sóòrùn, kí wọ́n tó pò ó mọ́ èyí tó dáa. Oòrùn á mú èbu gbẹ, májèlé á ṣẹ́ kù. Abájọ tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, fi lọ pàdé èbu náà lóko. Aflasafe tí wọ́n ṣe, ìbátan èbu náà tí kò lè ṣe májèlé ni. Wọ́n ń fọ́n ọn sílẹ̀ oko kí àgbàdo tó gbó, kó lè gbààyè mọ́ ẹni ibi lọ́wọ́.

Àgbàdo àkọ́kọ́ ọdún, tí à ń kó ní oṣù keje sí ìkẹjọ, inú òjò ló ti ń bọ̀. Kó tó wọ àpò, ó dáa kí omi inú rẹ̀ má ju 13 nínú 100 lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, kó wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, kó da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kó bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ lé e, kó mì í dáadáa, kó sì gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ti ju 15 nínú 100 lọ. Bí kò bá lẹ̀, ó ṣì lè ju 13 lọ, nítorí náà kó fi oòrùn díẹ̀ kún un.

Fíìdì tí a ti lọ̀ tán kì í pẹ́ nílẹ̀: fítámì inú rẹ̀ ń dín kù, ọ̀rá rẹ̀ ń kan. Adìyẹ tó ń yé ń jẹ bíi 110 sí 120 gíráàmù lóòjọ́, nítorí náà ẹgbẹ̀rún kan kò ní jẹ tó àpò oníkílò 25 márùn-ún. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí, kí ló fẹ́ fi fíìdì oṣù mẹ́ta ṣe nígbà òjò? Ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ àpò, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri àti páànù, kẹ́ ẹ sì fi ẹfun kọ ọjọ́ tó wọlé sí i lára. Ẹnu ọ̀nà ni tuntun máa ń wà, òun lọmọ iṣẹ́ á sì kọ́kọ́ fà, tí ti àtijọ́ á máa dì gbagidi lẹ́yìn.

Àpò òfìfo ńkọ́? Èérún fíìdì inú rẹ̀ ni kòkòrò ń jẹ títí tuntun á fi dé. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, tàbí kẹ́ ẹ tà á, kẹ́ ẹ sì gbá gbogbo igun sítọ́ọ̀ kí ọkọ̀ mìíràn tó já ẹrù.