Ìwé Àwìn: Ìtàn Òwò ní Ìlá Láti Ìgbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Dé

Ìyá tí mo ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìta géètì ní ìwé kan tó ti gbó, bébà símẹ́ǹtì ló fi bò ó lẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má díbọ́n. Orúkọ wa ló wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá wa sọ wá: "ọmọ pupa," "onígíláàsì," "àwọn méjì tó ń jà." Lọ́jọ́ tí mo lọ san tèmi, bí ìyá ṣe ń wá ojú ewé mi, ìwé bá ṣí sí apá iwájú pátápátá. Mo rí "Ọ̀gá oníṣirò," mo rí "Ìyá láíbìrì," mo rí "Bàbá awakọ̀." 2016 ni wọ́n kọ sókè.

Mo ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn ọ̀gá náà ń jẹ àwìn ni?"

Ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò ní jẹ ẹ́? Ṣebí ààbọ̀ owó ni ìjọba ń san fún wọn nígbà yẹn. Ìwọ ṣì wà ní pírámárì."

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn àgbà láàmú pẹ̀lú ìbéèrè.

Kí n tó dé orí 2016, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn ìlú kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé àwọn àti iléèwé ni wọ́n jọ bí. Oberlin ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ọdún 1833 kan náà ni wọ́n dá ìlú àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ sílẹ̀. Ìlá ò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé Ajagúnńlá, ọmọ Odùduwà, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde ní Ifẹ̀, àdá kan tí wọ́n ń pè ní Ogbó sì ń fọ̀nà hàn wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti wá, pé Ogbó ló mọ̀nà. Nígbà tí Ìlá-Yàrà tú, àwọn ọmọ ọba pínyà, apá kan tẹ Ìlá Ọ̀ràngún dó, apá kejì tẹ Òkè-Ìlá dó. Òyìnbó wá fa ààlà tirẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ló jẹ́ kí Òmù-Àrán àti Ṣààrẹ́ wà ní Kwara lónìí, tí àwa wà ní Ọ̀ṣun.

Iṣẹ́ oko ni ìlú fi ń jẹun, wọ́n sì mọ Ìlá mọ ẹmu. (Ẹ̀yin ará Kegite, ẹ rọra.) Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Adẹ́mu gbé e sọ̀ láàárọ̀, ó dùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn tó fẹ́ràn líle nìkan ló kù. Ẹni tó ń ta ẹmu gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò rà á lónìí. Òwò ọmọ iléèwé jọ òwò ẹmu ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Báwo wá ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe dé? Àìtó olùkọ́ ni. Ní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ mú irú rẹ̀ ká gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní October 1979, girama náà di ọ̀fẹ́. Ọmọ kún kíláàsì fọ́fọ́, ta ni yóò kọ́ wọn? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ olùkọ́, bíi ti Iléṣà àti ti Ìlá níbí. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 27 August 1991, owó oṣù wọn wá di ohun tó ń ti Òṣogbo wá. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ dé, yàrá tó ṣófo di owó. Ẹni tó ń se iyán fún àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í se é tà. Onífọ́tókọ́pì dé (ọ̀dọ̀ wọn náà ni ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ti jáde). Kí GSM tó wọ Nàìjíríà ní 2001, èèyàn ń tò sórí ìlà láti tẹ bàbá rẹ̀ láago pé owó ti tán. Lẹ́yìn ìyẹn ó di káàdì rìṣáàjì, lónìí ó ti di POS. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yí padà: kàlẹ́ńdà iléèwé ni kàlẹ́ńdà ọjà. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ ò ní rí àyè dúró níwájú ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ewúrẹ́ ló máa ń sùn níbẹ̀.

Ó wá kan 2015. Owó epo rọ̀bì ti já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé láti ọdún tó ṣáájú, ohun tó ń ti Abuja wá sí Òṣogbo dínkù, gbèsè owó oṣù sì ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìjọba ìpínlẹ̀ bá pín òṣìṣẹ́ sí ìpele: ìpele 7 wálẹ̀ ń gba owó wọn pé, 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12 sókè ń gba ààbọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di 2018.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe ní ìlú kékeré. Ọ̀gá ò lè san owó iyán. Olóúnjẹ ò lè san owó iṣu. Àgbẹ̀ ò lè san owó àwọn tó bá a kọbè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì jẹ́ ọmọ tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun fúnra wọn, nítorí náà àpò tiwọn náà gbẹ. Onílé kan sọ fún mi pé òun ò lé ayálégbé kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé àánú ni. Ó ní, "Tí mo bá lé e, ta ni yóò gbé e? Tọ́kọ̀ọ́?"

Mo bi ìyá pé báwo ló ṣe rí i gbé. Ó ní oko ọkọ òun ni. Iṣu tí wọ́n gbìn ni òun ń gún, òun ò rà á. Àwọn tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n ní, wọ́n tì í, wọ́n gba Èkó lọ.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń bọ́ ìlú. Èmi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta yẹn, lójú tèmi, ìlú ló bọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, oko tó ti wà kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dé ló sì fi bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ àwọn ìyá yìí sára ògiri kankan.

Ìdánwò mìíràn tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní March 2020, kòrónà ti iléèwé pa fún oṣù púpọ̀. Ní February 2023, owó náírà pòórá nílẹ̀, tíránsífà ò wọlé, ìwé ìyá tún kún. Ní May ọdún yẹn, owó ìrànwọ́ epo lọ, jẹnẹrétọ̀ onífọ́tókọ́pì di ẹrù, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí ojú ewé kan di.

Ní báyìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì Iléṣà ti di yunifásítì láti 2022. Ní Ìlá níbí, ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ìlera sílẹ̀ ní 2021, àwọn onílé sì ń fojú sí i. Mo sọ fún ìyá pé èyí dára, pé Abuja ni yóò máa san owó wọn, kì í ṣe Òṣogbo.

Ó wò mí. Ó ní, "Níbo ni Òṣogbo ti ń gba tirẹ̀?"

Ó fi bírò fa ìlà gba orí orúkọ mi. Mo bi í pé mélòó ló kù nínú àwọn ti 2016 tí kò tíì san. Ó ní mẹ́ta. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Ọ̀kan ti kú. Ẹnì kẹta ṣì ń wá jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́, owó ọwọ́ ló fi ń rà á, ìyá ò sì bi í léèrè rí.