Àlàpà Orí Tábìlì

Ẹni tí ó bá wọ gbọ̀ngàn ìlú tuntun tí ó wà ní Hannover, ní ilẹ̀ Jámánì, yóò bá ìlú kéékèèké mẹ́rin níbẹ̀ tí a fi ọwọ́ mọ. Hannover kan náà ni gbogbo wọn: bí ó ti rí ní ọdún 1689, ní 1939, ní 1945, àti bí ó ti rí lónìí. Ti 1945 ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé àlàpà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kí a mọ ilé tí ó ti wó. Ẹni tí yóò mọ ọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ bí odidi ilé náà ti rí, ibi tí àjà wà àti ògiri tí ó gbé òrùlé ró, kí ó tó lè mọ ohun tí yóò ṣẹ́ kù. Bọ́ǹbù kì í wó ilé bí ọmọdé ti ń wó ilé iyanrìn. Ní òru ọjọ́ 8 sí 9 oṣù kẹwàá 1943, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì bo Hannover, bọ́ǹbù ńláńlá ṣí òrùlé, ó sì fọ́ fèrèsé. Bọ́ǹbù oníná bọ́ sínú ilé, ó jó igi àjà àti àtẹ̀gùn. Bíríkì kì í jóná. Nítorí náà ni ògiri fi dúró lófìfo bí àpótí tí kò ní ọmọrí, tí èéfín sì kun òkè fèrèsé ní dúdú. Òkìtì tí ó wà nídìí ògiri sì gbọ́dọ̀ tó ohun tí ó já lulẹ̀. Bí ó bá kéré jù, irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Aegidien jóná lóru yẹn, a kò sì tún òrùlé fi bò ó títí di òní. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Síbẹ̀ mo ní ẹjọ́ kan bá àwọn ìlú kékeré yìí rò. Ojú a máa fò láti 1939 bọ́ sí 1945, bí ẹni pé láti òkè nìkan ni ìparun ti wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní òru ọjọ́ 9 sí 10 oṣù kọkànlá 1938, nígbà tí ogun kò tíì dé, àwọn Nazi ti dáná sun sínágọ́gù ńlá ìlú náà, èyí tí Edwin Oppler yàwòrán rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1941, wọ́n kó Júù 1,001 láti Hannover lọ sí Riga; díẹ̀ ni ó padà. Bí ó bá ṣe tèmi ni, ìlú karùn-ún ì bá wà níbẹ̀, ti òwúrọ̀ ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1938, tí òrùlé àwọn aládùúgbò wà ní ipò wọn, tí èéfín sì ń rú níbi sínágọ́gù.