Àìkápá: Lórí Orúkọ Ohun Tí Í Já Bàálù

Bí bàálù bá ṣubú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó gbéra, gbólóhùn kan ṣoṣo ni àwọn ìwé ìròyìn wa fi ń sọ ọ́, pé bàálù já. Gbólóhùn náà tó láti pe ẹlẹ́kún sẹ́kún, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó já a.

Nínú gbogbo orúkọ tí iṣẹ́ títúmọ̀ ọ̀rọ̀ bàálù sí Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ wa, èyí tí ó le jù lọ ni ti ohun tí àwọn Òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ kan náà, «stall», pè pẹ̀lú kíkú ẹ́ńjìnnì mọ́tò lójú títì, tí àwọn ògbufọ̀ tí ara ń kán sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ pé «ẹ́ńjìnnì kú», nígbà tí ẹ́ńjìnnì ẹni ẹlẹ́ni ṣì ń bú ramúramù. Afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn gba ẹ̀yìn apá kọjá ni ó ń gbé ẹyẹ irin náà dúró. Bí awakọ̀ bá gbé imú rẹ̀ sókè jù, tàbí bí eré rẹ̀ bá dín jù, afẹ́fẹ́ yóò bọ́ kúrò lẹ́yìn apá, ilẹ̀ yóò sì gba ẹrù rẹ̀. Yorùbá, tí í pe apá ẹyẹ àti apá ènìyàn ní orúkọ kan, ti ní ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ kí bàálù tó dé: apá kò ká a. Àìkápá ni èmi yóò pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó gbòòrò jù, kí ó so afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, kí ó di àìkápá-afẹ́fẹ́; n kò bá a jà.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, òótọ́ sì ni, fún ẹyẹ tí ó ti dé òkè. Àìkápá ní oògùn, èyíinì ni pé kí a tẹ imú bàálù wálẹ̀ kí eré rẹ̀ lè padà. Ṣùgbọ́n gíga ni a fi ń ra oògùn náà, ẹni tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra kò tíì ní gíga tí yóò ná.

Ìṣẹ́tí apá ni mo pe àwọn abala irin tí a ń tú sílẹ̀ ní etí apá nígbà ìgbéra, kí apá lè fẹ̀, kí ó sì ká afẹ́fẹ́ bí eré kò tilẹ̀ pọ̀. Ní Detroit lọ́dún 1987 àti ní Madrid lọ́dún 2008, àwọn awakọ̀ kò tú ìṣẹ́tí sílẹ̀, agogo tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ rẹ̀ fún wọn kò sì dún. Ẹ̀mí 156 ni ó bá ti àkọ́kọ́ lọ, 154 ni ti èkejì.

Ní ti ìjì tí í kọjú sí bàálù tí í sì yí sẹ́yìn rẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ ọ̀dàlẹ̀ tọ́ sí i ju afẹ́fẹ́ líle lọ, nítorí pé ìyípadà rẹ̀ ni ó ń pani. Irú rẹ̀ wà nínú ojú ọjọ́ burúkú tí bàálù ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ADC gbéra sí ní Abuja ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2006, tí Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, fi bá a wàjà.

Ẹ́ńjìnnì a máa kú nítòótọ́, kí n má baà dà bí ẹni tí ń gbèjà irin. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, ọ̀wọ́ ẹyẹ ńlá kọlu bàálù kan tí ó gbéra ní New York, agbára ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì lọ. Ṣùgbọ́n Sullenberger, awakọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí imú rẹ̀ ga jù, apá ṣì ń ká afẹ́fẹ́ títí tí ó fi bà sórí odò Hudson, gbogbo ènìyàn 155 inú rẹ̀ sì yè. Ògbufọ̀ tí ó bá fi «ẹ́ńjìnnì kú» kọ ti Madrid àti ti New York bákan náà, báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé fún òǹkàwé rẹ̀ ìdí tí ọ̀kan fi pa 154, tí èkejì kò sì pa ẹnì kan?