Ọjọ́ Orí, Ìbéèrè àti Òǹkà: Ìwádìí Ìgbàgbé Àgbà ní Ìdíkàn, Ìbàdàn

Ní ọdún 1992, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àdúgbò Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀ níhà ìhín, Hugh Hendrie sì wà níhà Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ mọ iye àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, kí wọ́n sì fi wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n lọ. Àgbà 2,494 tó ti pé ẹni ọdún 65 ni wọ́n kà ní Ìdíkàn.

Ṣùgbọ́n ta ló pé ẹni ọdún 65? Ìwé ìbí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1963, ọdún ìkànìyàn, J. F. Adé Àjàyí àti A. A. Igun ti ṣe àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí a lè fi mọ ọdún tí wọ́n bí ènìyàn. Ògúnníyì àti Ọ̀ṣúntókun yẹ àkójọ yìí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ti tó ẹni ọdún 74 ní 1992. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó, 1929, kò tíì wọ inú òǹkà. Ọ̀ràn yìí ju ọ̀ràn àkọsílẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i ni ìgbàgbé ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí jẹ́ ohun iyì láwùjọ Yorùbá. Bí àwọn ará Ìdíkàn bá fi ọdún mélòó kan kún tiwọn, àrùn náà yóò dà bí ẹni pé kò wọ́pọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni ọdún 60 ni a ń pè ní ẹni ọdún 65.

Ìbéèrè náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn ará Cree ní Kánádà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwé ìbéèrè wọn fún, kí wọ́n tó tún un ṣe fún Yorùbá. Kò béèrè ìwé kíkà, ó sì mú ará ilé wọ inú ẹ̀rí: ọmọ tàbí ìyàwó ni yóò sọ bóyá bàbá ṣì ń ṣe àwọn ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Níbi tí ọmọ ti ń gbọ́únjẹ fún bàbá, tí aya ọmọ ń fọ aṣọ ìyá, àgbà lè ti máa ṣarán kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ibí ni ìwádìí náà ti nílò ìṣọ́ra jù lọ.

Àbájáde 1995 fi hàn pé àwọn tó ní àrùn náà jẹ́ 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 8.24 ní Indianapolis nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú àgbà mọ́ wọn. Òǹkà ẹlẹ́ẹ̀kan báyìí kò lè sọ bóyá àrùn náà ṣọ̀wọ́n ni, tàbí àwọn tó ní in kì í pẹ́ kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe padà lọ bá àwọn ènìyàn kan náà. Ní 2001, àwọn tí àrùn Alzheimer ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín Yorùbá, 2.52 ní Indianapolis. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé ìlọ́po méjì ni. Ṣùgbọ́n gbèdéke ìdánilójú ti Yorùbá parí sí 1.35, ti Indianapolis sì bẹ̀rẹ̀ láti 1.40. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́. Bí ó ṣe tóbi tó gan-an ni kò dájú.

Bí a bá gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sí Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tó fara kanra, Mápó kò ní wúlò. Ìgbà àwọn Olóbù àti ìgbà àwọn Olúfọ́n ni a ó fi ka ọdún, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjà ilẹ̀ àárín ìlú méjèèjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2025, àwọn ènìyàn sì sá kúrò nílé. Ojúlé dé ojúlé kò lè ka ẹni tí kò sí nílé; ìwé orúkọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àgbà dé ibi tó sá lọ, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè kíní lọ́wọ́ rẹ̀.