Ẹsẹ̀ Ẹṣin Ló Gbé Ọ̀yọ́ Ró

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964, Wọlé Ṣóyínká sì fi kọ eré tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1975. Olókùn-ẹṣin ni oyè ọkùnrin náà, olórí àwọn tó ń bójú tó ẹṣin Aláàfin, ó sì gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Ikú rẹ̀ la máa ń jiyàn lé lórí ní kíláàsì. A kì í sábà béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló wà nínú ìtọ́jú ẹṣin tí ìlú fi fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá a lọ́lá? Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ẹṣin.

Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, ọ̀pọ̀ ẹṣin rẹ̀ sì ń ti àríwá wá, owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ní 1726, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dahomey. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ará Agaja, síbẹ̀ wọn ò rọ́wọ́ mú. Ọ̀yọ́ tún padà lọ lẹ́yìn ìgbà náà, títí Agaja fi gbà ní 1730 láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìrìn ọ̀nà jíjìn ni ogun wọ̀nyí. Ẹṣin tó bá ń tiro kò wúlò fún jagunjagun, bí gàárì rẹ̀ ti wù kó dára tó.

Bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá wú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé inú oríkèé ni àbí abẹ́ awọ? A ó fi ẹsẹ̀ náà wé èkejì rẹ̀. A ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná. A ó wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí omi bá kún inú oríkèé, tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní apá kan, yóò yọ ní apá kejì. Bó bá jẹ́ abẹ́ awọ ni, ojú ìka á kù síbẹ̀, á dà bí ìgbà tí a tẹ iyán. Lẹ́yìn náà, a ó mú un rìn lórí ilẹ̀ líle: bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ló ń dùn ún, yóò máa gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kan ilẹ̀. Oríkèé tó gbóná, tí ọgbẹ́ wà nítòsí rẹ̀, tí ẹṣin kò sì fẹ́ fi tẹlẹ̀ rárá, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí dókítà ẹranko tó rí i. Ìdọ̀tí lè ti wọ inú oríkèé.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lè wú nítorí pé ẹṣin dúró pẹ́ lójú kan. Bó bá rìn díẹ̀, á fà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn bá wú pọ̀, tí ibà ń ṣe é, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tó sì ń rù, ọ̀rọ̀ ti kọjá oríkèé. Ó lè jẹ́ àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ní 1895 ni David Bruce ṣàlàyé, láti ilẹ̀ Zulu ní gúúsù Áfíríkà, pé kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á.

Eṣinṣin yìí fẹ́ràn igbó àti etídò. Ìyẹn wà lára ohun tó pààlà fún agbára Ọ̀yọ́: níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, igi kò jẹ́ kí ẹṣin sáré, àìsàn kò sì jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 1840, nígbà tí Ìlọrin tó gbójú lé ẹṣin kógun dé Òṣogbo, létí igbó ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun wọn. Eṣinṣin nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ìtàn ogun wa láìka ilẹ̀ àti ẹranko sí, ààbọ̀ ìtàn ló kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ti àtijọ́. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ní Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú Òde, a máa ń rí ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tó ń jó lórí ilẹ̀ líle nínú oòrùn. Aṣọ ẹni tó gùn ún la máa ń ya fọ́tò. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹṣin náà pẹ̀lú. Ẹ bá ẹni tó di okùn rẹ̀ mú sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ tó ń pe oríkèé kọ̀ọ̀kan àti àìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ ló mọ ibi tó ń dun ẹṣin.