Egbò Asofẹ́yẹjẹ àti Iyọ̀ Lithium

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Nítorí ẹni tó bí i lọ́mọ ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn oògùn méjì: egbò igi kan àti iyọ̀ kan.

Igi náà ni asofẹ́yẹjẹ, èyí tí ń so fún ẹyẹ jẹ, bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Aláìsàn a bì, a ṣu, lẹ́yìn náà a sùn fọnfọn. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa ìtọ́jú yìí ní 1960.

Kí ló wà nínú egbò náà? Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine jáde láti ara igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ náà ní in. Ní 1957, Arvid Carlsson ará Sweden fún ehoro ní reserpine. Ehoro jókòó gelete, etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ó fún un ní L-dopa, ó dìde, ó ń rìn. Oògùn náà ti kó àwọn ohun tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara kúrò nínú àká wọn ni.

Iyọ̀ ńkọ́? Ní 1949, Dókítà John Cade ní Australia ròyìn bí ó ti fún guinea pig, ẹran kékeré tó jọ ẹmọ́ tí kò ní ìrù, ní lithium. Ara wọn rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó fún aláìsàn mẹ́wàá tí ìsínwín kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, wọ́n sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ mìíràn fún ẹ̀lírí ní amphetamine, oògùn tí ń lé oorun lọ. Ẹ̀lírí a máa sáré kiri láìdúró. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fún un ní lithium, ìsárékiri náà sábà máa ń dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ẹ̀lírí tó ń sáré kì í ṣe wèrè. Oògùn ló ń gùn ún. Àwọn kan sì ti sọ pé ó lè jẹ́ pé májèlé ló rọ àwọn ẹran Cade. Ẹni tó dákẹ́ lè ti sàn, ó sì lè jẹ́ pé oògùn ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo lithium wò: bí ó bá kéré, kò ṣiṣẹ́, bí ó bá pọ̀, ó lè pani. Egbò inú àgbo kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò mọ̀ pé ìdákẹ́ nìkan kò tó. Láti 1954 ni ó ti ń fi àwọn aláìsàn Àró wọ̀ sí àwọn abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń gba oògùn, tí wọ́n sì ń bá ará abúlé gbé. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aláìsàn láti Joga-Oríléé, Ìlaròó tàbí Ayétòrò lọ sí Àró, ẹ má bu àgbo mọ́ oògùn dókítà láìsọ fún un. Ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ọmọ ti dákẹ́. Ọmọ tó tún ń jí lọ sóko, tó sì ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, òun ni a lè sọ pé ó ń sàn.